Onílé Ló Ń Gbá Kẹ́yìn

Adágún omi kan wà létí ìlú tí mo ń gbé lókè òkun báyìí. Ó fẹ̀ débi pé ojú kò tó òdìkejì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ nítorí pé ọkàn mi ń fà sí òkun. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ń retí kí omi náà pariwo. Kò pariwo. Kò gbóòórùn iyọ̀. Ó kàn ń lá etí òkúta bí ajá tó ń lá àwo. Oòrùn là, ó mọ́lẹ̀ rekete, síbẹ̀ kò mú. Òtútù ti wọ inú bàtà mi. Mo sọ fún ara mi pé níbi tí omi ńlá kò ti ní ohùn, tí oòrùn kò sì ní ooru, àfi kí ènìyàn fara balẹ̀ tún gbogbo nǹkan kọ́.

Ọmọ Gbẹ̀rẹ̀fù ni mí, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọ ìlú. Ègùn là ń sọ nílé, Yorùbá ni mo fi lọ sílé-ìwé àti sọ́jà. Lọ́dọ̀ wa, òkun kì í sinmi ariwo, àwa náà kì í sinmi ìkíni. Ẹni tó ń fa àwọ̀n, wàá kí i. Ẹni tó ń bó àgbọn, wàá kí i. Ẹni tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, wàá kí i pé ó kú ìjókòó.

Ìkíni yìí ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ríṣẹ́, níbi tí a ti ń kó bẹ́ẹ̀dì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú tírélà. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fi kọjá lára ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń dá gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Mo túmọ̀ "ẹ kú iṣẹ́" sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe máa ń túmọ̀ rẹ̀ nílé, mo sì sọ ọ́ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí n kò rí ni pé kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé e lẹ́sẹ̀ ni. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni mo rí tó dára nínú ohun tí òun ṣe. Mo ṣàlàyé títí, pé ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ là ń kí lọ́dọ̀ wa, yálà iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n yọ tòun sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń pè é nínú ọkàn mi, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ẹnu kò ṣòro láti pa mọ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fi nǹkan dí etí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, kálukú á wọ inú mọ́tò rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á jẹ tirẹ̀. Èmi tí n kò ní mọ́tò, orí páálí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa wo bí wọ́n ṣe ń jẹnu nínú gíláàsì bí ẹja inú ìgò.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, Sètónjí, ló ní fóònù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á gbé e fún Màmá. Ìbéèrè méjì ni Màmá kì í ṣàìbi mí: kí ni mo jẹ, ta ni mo bá sọ̀rọ̀. Ti oúnjẹ rọrùn. Ti èkejì ni mo máa ń fi ìtàn bò mọ́lẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n ní kí n bá wọn kí i.

Àkàrà ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilner jókòó sórí páálí kejì nítorí pé mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́. Ó ṣí abọ́, òórùn òróró gbígbóná jáde, mo sì bi í pé kí ló ń jẹ. Ó ní akra. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì fún mi ní ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀wà, kókò ni wọ́n rin, ṣùgbọ́n n kò ṣi orúkọ náà gbọ́. Ọmọ Háítì ni. Ó ní ìyá òun tún máa ń fi àgbàdo se nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní akasan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró, nítorí pé akasan ni Màmá mi ń pe ẹ̀kọ títí di òní.

Wilner bi mí pé ibo gan-an ni mo ti wá. Mo sọ fún un nípa ilẹ̀ iyanrìn wa, pé ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́ kò jìnnà sí ilé bàbá mi, pé àwa ọmọdé máa ń sáré kọjá níbẹ̀ lọ wẹ̀ lókun. Ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó wá wò wá."

Mo ní kó má bínú, ọ̀nà ló jìn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló mú mi lọ bá Rafael. Ọmọ Dòmíníkà ni Rafael, aládùúgbò Wilner lórí erékùṣù kan náà, òun ló sì ń wa ọkọ̀ tó ń fi eyín méjì gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí wa. Ó tún jẹ́ balógun ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àwa òṣìṣẹ́. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílùú, àyè kan sì ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Rafael bi mí bóyá mo lè sáré. Mo ní orí iyanrìn ni mo dàgbà sí. Ó ju bọ́ọ̀lù sí mi lójijì, mo fi ọwọ́ lásán hán an. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná bí ẹni tó di ẹ̀yinná mú. Ó ní ó tó, ó sì fún mi ní ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá kan tó ti gbó.

Eré náà kò ṣòro láti lóye tó bí mo ṣe rò. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí ekùrọ́, ọ̀tá rẹ̀ á fi igi gbá a. Bó bá gbá a re, á sáré yí pápá ká, á tẹ tìmùtìmù funfun mẹ́ta tí wọ́n tò sílẹ̀, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bí o bá ti délé, ayò kan nìyẹn. Inú mi dùn pé eré kan wà láyé tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ayò torí pé ó padà délé.

Ọ̀nà jíjìn lápá òsì, níbi tí koríko ti pọ̀, ni wọ́n fi mí sí. Bí bọ́ọ̀lù bá fò sókè réré, èmi ni màá sáré lọ hán an. Mo mọ ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá kan kí èmi náà fi igi gbá a, igi tèmi àti bọ́ọ̀lù kì í pàdé. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín púpọ̀. Wilner ní mo dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Màmá sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù onígi. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo wọ ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n bi mí pé ta ni mo bá sọ̀rọ̀, orúkọ tí mo dá pọ̀ débi pé wọ́n ní kí n rọra, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Gbogbo ẹgbẹ́ tó kù ló ní pápá tiwọn, àwa nìkan la ò ní. Láti ìgbà tí òtútù ti lọ títí di ìparí ìgbà ooru, inú bọ́ọ̀sì Rafael là ń gbé ara wa kiri, pápá oníkálukú la sì ti ń ṣeré. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa ń fún wa ló máa ń kọjú sí oòrùn. Àlejò lójú, kò fi ríran: a ò mọ ibi tí kòtò wà, a ò mọ ibi tí òkúta ti máa ń gbé bọ́ọ̀lù fò kọjá orí ènìyàn. Òfin eré náà tún wá fi ti onílé ṣe. Ní abala eré kọ̀ọ̀kan, àlejò ló ń kọ́kọ́ gbá, onílé á gbá tẹ̀lé e. Bí abala ìkẹyìn bá dé, ẹnu onílé ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, a borí, a tún borí, nígbà tí eré líìgì sì parí, àwa la wà lókè pátápátá.

Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ló tẹ̀ lé wa. Àwa méjèèjì la máa gbá àṣekágbá, ẹgbẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ló ni ife. Ẹgbẹ́ tó wà lókè ló máa gba àlejò ní eré kìíní, tó tún máa gbà á ní ẹ̀kẹta bó bá di dandan. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní pápá, ẹ̀tọ́ náà di ti ẹnì kejì.

Nínú bọ́ọ̀sì, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Rafael ní a gbọ́dọ̀ wá pápá bó ti wù kó rí, nítorí pé ẹni tó ń gbá kẹ́yìn ló mọ iye ayò tí òun ń wá. Wilner ní bọ́ọ̀lù kò mọ ilé ẹnì kankan, bí wọ́n bá gbá a á lọ. Rafael gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti ń wo àṣekágbá àwọn ẹgbẹ́ ńlá, òun sì ti rí ẹgbẹ́ tí ariwo ará ilé gbé sókè, òun tún ti rí èyí tó sunkún níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn pátápátá.

Wọ́n bi mí léèrè. Mo sọ bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí àwọn ọmọ ìlú Apá bá gbé ọkọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ wa, iyanrìn á gbé ẹsẹ̀ wọn mì, a ó nà wọ́n. Bí àwa náà bá lọ sí Apá, ilẹ̀ líle á bó wa lẹ́sẹ̀, wọ́n á san án padà. Nítorí náà, mo ní ilé ń gbeni. Wilner bi mí pé, bó bá wá di ọ̀rọ̀ ife ńkọ́? Mo ronú, ẹ̀rín sì pa mí. Ìgbà kan ṣoṣo tí tíṣà wa fi ife sílẹ̀, orí iyanrìn wa ni a ti gbá a, a sì fìdí rẹmi. Gbogbo ìyá wa ló jáde wá wòran. Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì. Kálukú ló fẹ́ kí ìyá òun rí òun.

Wilner ló rí pápá náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí ilé ìkẹ́rùsí ni, koríko ibẹ̀ sì ga dé ìbàdí. Opó àgbàlagbà kan, Màmá Bernice, ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ṣeré níbẹ̀ rí kí wọ́n tó dàgbà, kí wọ́n sì tú ká. Ó wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wá pé ibo ni ìlú wa. Nígbà tí a dá a lóhùn tán, ó ní a lè lò ó, bí a ò bá ti ní ṣépè lórí rẹ̀, tí a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ eré kí ìsìn tó parí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ra àdá. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí. Òógùn gidi ń ṣàn lẹ́yìn mi, ilẹ̀ ń gbóòórùn ilẹ̀, àwọn ènìyàn ń pe ara wọn kọjá koríko. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù gbé ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó gé odidi ìlàjì pápá náà láìsọ̀rọ̀. Mo wò ó, mo di ahọ́n mi mú, n kò kí i. Nígbà tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń fi àdá ṣán gbòǹgbò, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́sí, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ kú iṣẹ́. Kò dúró gbèsì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá Hunsu pè láti Texas. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti bá mi rí iṣẹ́ ní ibi ìkóunjẹsí ọsibítù kan, níbi tí oòrùn ti ń mú bí oòrùn, tí Ègùn àti Yorùbá sì kún ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ńdè kan báyìí ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ dé ju Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́, mo gbà. Màmá fi Ègùn kọrin lórí fóònù nígbà tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn tí mo gbà tán ni mo rí i pé Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn gan-an ni eré kẹta máa bọ́ sí, bó bá di pé a máa gbá a. Mo lọ sọ fún Rafael. Kò bẹ̀ mí, kò sì bínú. Ó ní ká gbìyànjú ká parí rẹ̀ ní méjì nígbà náà.

Eré kìíní kọjá bí àlá burúkú. Ilé kún. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì gbé àga jókòó sétí pápá, ìyàwó Rafael kó gbogbo ìdílé rẹ̀ wá, àwọn tí ń jẹun nínú mọ́tò tẹ́lẹ̀ jáde wá jókòó lórí koríko. Àwa tí a ti borí káàkiri ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe. Rafael ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fẹ́ fi fọ́ ògiri. Wilner sáré nígbà tó yẹ kó dúró. Bọ́ọ̀lù kan tí mo lè hán lójú oorun, mo kọ́kọ́ wo àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì bóyá wọ́n ń wò mí, ó sì já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná nà wá débi pé Màmá Bernice ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ní Ọjọ́rú, a lọ sí pápá tiwọn. Bẹ́ǹṣì wa kọjú sí oòrùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn ará ilé wọn ń hó lé wa lórí. Ara wa balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí Rafael ń jù ń yí bí ejò, kò sẹ́ni tó lè fi igi kàn án dáadáa, èmi náà hán mẹ́ta nínú koríko. A borí wọn láìlàágùn.

Nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà ilé, mo ń rò ó. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ yìí, iṣẹ́ àlejò ṣíṣe ti mọ́ wa lára. A mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé láìbẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ń jókòó síbi tí oòrùn wà tí wọn kì í ráhùn. Èyí tí a ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wà nílé tí àyà kì í já. Ẹni tó wà nílé ní ohun tó lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kó bọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe Bọ̀ọ̀dá Hunsu. Mo bẹ̀ wọ́n pé ṣé wọ́n lè bá mi sọ ọ́ kí wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ mi síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ibẹ̀ kì í dúró de ènìyàn. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn nígbà náà.

"Nítorí bọ́ọ̀lù?"

Mo ní kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Wọ́n ní kí ló wá kù. N kò lè sọ ọ́ kó yé wọn, wọ́n sì mí kanlẹ̀, wọ́n ní kò burú, àwọn ti gbìyànjú. Kò tó ìrọ̀lẹ́ tí ẹlòmíràn fi gba iṣẹ́ náà.

Ti Màmá ló le jù. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé. Wọ́n wá bi mí bóyá kò sẹ́lòmíràn tó lè dúró sí àyè mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní ó wà, ó tilẹ̀ mọ igi gbá jù mí lọ.

"Kí ló wá dé, vi ṣie?"

Ọmọ mi nìyẹn lédè Ègùn. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, n kì í lè yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti ka orí mi mọ́ ọn."

Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má jẹ́ kí wọ́n wá mi tì.

Ọgbọ́n tí Rafael dá lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ìwà òmùgọ̀ ló jọ létí mi. Ó ní kí a pàdé nílé ìkẹ́rùsí, kí gbogbo wa wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù wa, bí ìgbà tí a bá ń lọ sí pápá ẹlòmíràn. A lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ènìyàn tó họ imú, síbẹ̀ ó gbé wa yí ìlú po, ó kọjá létí adágún, ó gba ọ̀nà ọjà, Wilner ń kọrin, à ń ja bọ́tà àti búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ara wa. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Bernice bi wá bóyá a ṣìnà ni. Rafael ní àlejò ni wá, pé ṣé ẹ lè fi ibi tí a máa jókòó hàn wá. Obìnrin náà wò ó sókè wò ó sílẹ̀, ó sì nawọ́ sí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí oòrùn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù sì ti lọ.

Eré náà le. Bí wọ́n bá jẹ ọ̀kan, àwa náà á jẹ ọ̀kan. Nígbà tó di abala ìkẹyìn, àwọn gbá tiwọn, wọn kò rí nǹkan kan jẹ. Ayò wa dọ́gba, igi sì kù sọ́wọ́ wa: ọ̀kan péré tó bá délé, ó ti tán.

Ajubọ́ọ̀lù wọn, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n pupa, ti ń jù ú dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Rafael gbá ọ̀kan, ó dé tìmùtìmù kìíní. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ti dìde. N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ gbà á, àwọn tó wà lórí koríko gbà á, Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù ń fi ọwọ́ lu ara mọ́tò rẹ̀. Onírùngbọ̀n pupa dúró, ó nu ojú. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Òfin ni pé bí ajubọ́ọ̀lù bá jù ú síbi tí igi kò lè tó lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó di igi mú á rìn lọ sí tìmùtìmù kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Wilner rìn lọ, Rafael sì sún sí èkejì. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà rìn lọ. Tìmùtìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, Rafael wà lórí èyí tó sún mọ́ ilé jù, ó sì wá kan ẹni tí ń lé eṣinṣin.

Wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo wo Rafael níbi tó wà, mo ń retí kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn mi orí pé kí n dúró.

Mo dúró. Mo gbé igi sókè. Mo gbọ́ orin àwọn ìyá náà lẹ́yìn mi, n kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ti ẹ̀yìn mi bí ọwọ́. Onírùngbọ̀n pupa jù ú. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ sápá ọ̀tún, kò lọ sápá òsì. Itan mi ló wá tààrà, ó dún pàá, mo sì wà nílẹ̀.

Rẹfirí wá nawọ́ sí tìmùtìmù kìíní. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù lu ẹni tó ń gbá, ẹni náà gba àyè kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á sì sún. Rafael sún. Ó rìn wọ ilé bí ẹni tó ń ti oko bọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ife sì di tiwa. Mo tiro dé tìmùtìmù tèmi kí wọ́n tó bò mí mọ́lẹ̀.

Màmá Bernice ń sunkún, ó ní èéfín ni. Èéfín sì wà lóòótọ́, nítorí pé ìyàwó Rafael ti ń yan àgbàdo àti adìẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù mi ń dún nínú báàgì. Sètónjí ni, ó ní ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnì kankan sinmi. Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Màmá gba fóònù, wọ́n ní kí n tún un sọ, pé wọ́n fi bọ́ọ̀lù lù mí, inú mi sì ń dùn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá egungun kán. Mo ní rárá. Wọ́n bi mí pé ilé ta ni a ti gbá a.

"Ilé wa ni, Màmá. Àwọn ló wá bá wa."

"Ṣé àwọn àlejò yín ti jẹun?"

Mo gbójú sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ti ń di ẹrù wọn sínú mọ́tò, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fún àwa náà lóúnjẹ rí ní gbogbo ibi tí a lọ, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún Màmá pé mo ń bọ̀.

Mo tiro sáré kọjá pápá, mo ń juwọ́ sí wọn, mo ń pè wọ́n. Onírùngbọ̀n pupa yíjú padà, ó rí mi, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó rò pé ìjà ni mo bá wá.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, mo ní kó wá jẹun.